Ọjọ́ Tí Sístà Bísí Kọ́ Ọ̀gá Wẹ́fíà Ní Ẹ̀gẹ́ Bíbó

Wọn ò gba kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ o! Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn Ọlọ́run, wọn ò gbà á mọ́! Ó ṣì wà lọ́rùn Bùrọ̀dá Múrí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí! Ògo! Ẹ bá mi sọ ọ́ kí ó dé òkè: ògo! Ẹ ṣé o, Olúwa, ẹ ṣé! Ẹ má bínú sí ohùn mi, ó ti há láti ìjẹta. Orin ni mò ń kọ. Mò ń gbálẹ̀, mò ń kọrin. Mò ń fọ abọ́, mò ń kọrin.

Màmá mi ń juwọ́ sí mi níbi tí wọ́n jókòó sí, pé kí n rọra, kí n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dáa, Mọ̀ọ́mì, mo ti gbọ́.

Ẹ wo obìnrin tó jókòó ti màmá mi yẹn, tó wé gèlè aláwọ̀ ewé. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bísí lorúkọ rẹ̀. Inú ìjọ yìí ni wọ́n ti ṣèrìbọmi fún un, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lónìí. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àwa la gbé e pamọ́.

Ọdún méje ló fi jù mí lọ. Nígbà tí ó wà ní kékeré, kò tètè rìn, kò tètè sọ̀rọ̀. Wọ́n fi í sí ilé ìwé, wọ́n dá a padà lẹ́yìn tẹ́ẹ̀mù méjì. Màmá mi gbé e lọ sọ́sibítù. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó bi í ní ìbéèrè, ó fún un ní nǹkan ṣeré, ó wá sọ fún màmá mi pé, "Ìyá, èyí kì í ṣe àìsàn tí abẹ́rẹ́ ń wò o. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń rìn díẹ̀díẹ̀. Á mọ nǹkan, ṣùgbọ́n á pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa fi hàn án, kó tún fi hàn án, kó tún fi hàn án."

Màmá mi ní, "Ta ni ẹni yẹn, dókítà?"

Dókítà pe ẹni tó kàn wọlé.

Ẹ̀yin ará, ìbéèrè yẹn ni ìṣòro ilé wa fún odidi ọdún mẹ́tàdínlógún. Ta ni ẹni yẹn? Bàbá wa ti kú. Màmá mi aránṣọ ni, ìdí maṣíìnì ni oúnjẹ wa ti ń wá. Lọ́jọ́ kan Bísí jáde nílé, a ò mọ̀. A wá a láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ojú ọ̀nà Òdogbolu ni awakọ̀ kan ti rí i, tó ń rìn láàárín títì, tí bàtà rẹ̀ kan ò sí lẹ́sẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Wọ́n gbé maṣíìnì wálé, wọ́n gbé e ti ẹnu ọ̀nà yàrá Bísí, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jáde níbẹ̀ á ní láti gba ọ̀dọ̀ màmá mi kọjá. Wọ́n wá kọ́ mi pé bí èmi àti Bísí bá jọ jáde pẹ́nrẹ́n, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò nínú ọwọ́ mi. Bí àlejò bá dé, a ó tilẹ̀kùn.

Mo gbàdúrà o! Mo gbààwẹ̀. Mo sọ fún Ọlọ́run pé kí n jí lọ́jọ́ kan kí n bá Bísí mìíràn lórí ẹní, èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ mi, tó lè bá mi jà, tó lè bá mi ṣòfófó. Mo jí títí, Bísí yìí náà ni mò ń bá.

Ọdún kẹta rèé tí Mọ̀ọ́mì Tíṣà mú aṣọ wá rán lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n, màmá tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, tí wọ́n máa ń jókòó sápá ọ̀tún níbí yìí. Wọ́n ń wọn aṣọ lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ ohùn láti inú yàrá.

Wọ́n ní, "Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Màmá mi ní, "Èkúté ni, mà."

Mọ̀ọ́mì Tíṣà ní, "Èkúté yín gbayì o. Orin ìdúpẹ́ ló ń kọ yẹn."

Màmá mi bú sẹ́kún. Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn nìyẹn. Ẹ yin Olúwa!

Mọ̀ọ́mì Tíṣà wọlé, wọ́n kí i. Wọ́n wá bi mí pé, "Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ni àgbà?" Mo ní òun ni, mà. Wọ́n ní, "Mo gbọ́ tí o ń pè é ní Bísí lásán." Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà ló ti di Sístà Bísí.

Ẹ̀yin náà mọ gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Ibẹ̀ ni Mọ̀ọ́mì Tíṣà ń kó àwọn bíi Sístà Bísí jọ sí, láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago méjì. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti di mọ́kànlá báyìí. Ọmọ Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, ọmọ Ìmàle wà níbẹ̀. Bùrọ̀dá Múrí tí mo ń wí yìí, Ìmàle ni, yóò tó ọmọ ogójì ọdún. Òun ni Mọ̀ọ́mì Tíṣà fi kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn kọ́ lọ́rùn, torí kò pẹ́ dé rí. Òjò ò dá a dúró. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ò ju gàrí lọ. Gàrí tiwa, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan. Àwọn kan ń bó ẹ̀gẹ́, àwọn kan ń fọ̀ ọ́, àwọn kan ń rin ín, àwọn kan ń dì í sápò wọ́n ń gbé òkúta lé e, wọ́n ń sẹ́ ẹ, wọ́n ń yan án. Bí wọ́n ṣe ṣe é lánàá ni wọ́n máa ṣe é lónìí. Ẹ rántí ìgbà tí sójà ní kí gbogbo wa máa tò lórí ìlà? Àwa tí orí wa pé, à ń ti ara wa lulẹ̀ nídìí bọ́ọ̀sì. Àwọn yẹn ò ti ẹnikẹ́ni. Wọ́n á tò síbi omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Wọ́n sì ní òfin kan ṣoṣo. Ẹni yòówù tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn ò ní bi í pé ọmọ ta ni tàbí kí ló ṣe é. Mọ̀ọ́mì Tíṣà ní ìbéèrè ni wọ́n fi lé gbogbo wọn kúrò níbi tí wọ́n ti wá. Ẹni náà á fọwọ́, wọ́n á fún un ní àpótí ìjókòó, wọ́n á fún un lọ́bẹ àti ẹ̀gẹ́ kan. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe á dúró tì í títí tí òun náà á fi mọ̀ ọ́n.

Sístà Bísí mọ̀ ọ́n ní oṣù mẹ́rin. Oṣù mẹ́rin gbáko, ẹ̀gẹ́ bíbó! Màmá mi ní ó ti pẹ́ jù, Mọ̀ọ́mì Tíṣà ní, "Ta ló ń lé e?" Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín: kò sí ẹni tó ní imú bíi tirẹ̀ ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé, á gbóòórùn rẹ̀. Bí kò bá tíì kan dáadáa, á ní, "Kò tíì." Bó bá ti kan, á ní, "Ó tó." Kì í sọ ju ìyẹn lọ. Mọ̀ọ́mì Tíṣà fúnra wọn ò jẹ́ tú àpò kankan láìjẹ́ pé Sístà Bísí ti ní ó tó.

Màmá mi gbé maṣíìnì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bá mi yin Olúwa fún maṣíìnì yẹn! Èmi náà tí mo ti jókòó sílé ní ọdún méjì lẹ́yìn ìdánwò oníwèé mẹ́wàá, mo gba fọ́ọ̀mù kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Ìjagun.

Ìgbà náà ni wàhálà dé. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rí ni mò ń jẹ́, n ò lè fo ibi tó korò. Àwọn kan nínú ìjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sùkúù ń bẹ̀rù wọn. Wọ́n ní òórùn ẹ̀gẹ́ ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá kan sọ lójú mi pé, "Ṣé a kọ́ gbọ̀ngàn fún àwọn wèrè ni?" Mo gbé e mì. Bàbá Ìjọ pe Mọ̀ọ́mì Tíṣà àti àwọn òbí, wọ́n ní, "A ò lé ẹnikẹ́ni o. A ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì Wẹ́fíà, àwọn ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aláìní, wọ́n á rán ẹnì kan wá wo ibẹ̀. Bó bá ní iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, wọ́n dúró. Bó bá ní ìjókòó lásán ni, kọ́kọ́rọ́ á padà sọ́wọ́ ìjọ."

Mọ̀ọ́mì Tíṣà ní, "Ọjọ́ wo ló ń bọ̀?"

Bàbá Ìjọ ní, "Kò dájọ́."

A délé lọ́jọ́ náà, màmá mi ò jẹun. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà yàrá Sístà Bísí títí. Wọ́n ní, "Dúpẹ́, ṣé kí n ti lọ gbé maṣíìnì padà wálé?"

Mo ní, "Mọ̀ọ́mì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná."

Ẹ gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi báyìí. Mọ̀ọ́mì Tíṣà fẹ́ lọ rí dókítà ojú ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Túsídè kan. Wọ́n ní kí n bá wọn dúró ti àwọn èèyàn wọn. "Aago mẹ́jọ o, Dúpẹ́! O ò gbọdọ̀ pẹ́." Mo ní, "Mo gbọ́, mà." Lóòótọ́, mo dé ibẹ̀ kó tó di aago mẹ́jọ, mo fa Sístà Bísí lé Bùrọ̀dá Múrí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ pé wọ́n ti lẹ orúkọ àwọn tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ ògiri. Ọkàn mi ní kí n sáré dé Ìjagun, kò jìnnà, kí n sáré padà. Mo sáré lọ lóòótọ́. Orúkọ mi wà níbẹ̀! Mo fò sókè! Àfi bí mọ́tò tí mo wọ̀ bọ̀ ṣe kú sójú ọ̀nà. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ín nínú oòrùn. Nígbà tí mo fi máa dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yìí, aago mọ́kànlá ti kọjá.

Mo rí mọ́tò ìjọba níwájú gbọ̀ngàn.

Mo ní, "Yéè! Mo ti pa wọ́n." Àwọn èèyàn mọ́kànlá, láìsí olùtọ́jú kankan, lọ́jọ́ tí Wẹ́fíà yàn láti wá! Mo rí maṣíìnì màmá mi lójú mi bí wọ́n ṣe ń gbé e bọ̀ wálé. Mo fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ wá wo nǹkan! Ọkùnrin kan jókòó lórí àpótí kékeré, ọ̀gá tó sanra, ó wọ awò ojú, ó ti ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì sókè dé ìgúnpá, ó gbé táì rẹ̀ jù sẹ́yìn èjìká. Ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀bẹ wà lósì, torí ọlọ́wọ́ òsì ni. Òógùn bò ó. Sístà Bísí dúró lé e lórí. Ó mú èèpo tí ọ̀gá náà ti bó nílẹ̀, ó gbé e sí i lójú kó rí funfun tó kù lára rẹ̀. Ó ní, "Kò tíì."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín kèè!

Mo ní, "Ẹ káàsán, sà! Sà, ẹ jọ̀ọ́..."

Ọ̀gá náà ò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Má tíì bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ yìí. Wọn ò tíì gba tèmi."

Halelúyà! Mo dúró bí ère. Wọ́n tún bó òmíràn. Sístà Bísí mú èèpo, ó yẹ̀ ẹ́ wò, "Kò tíì." Wọ́n bó òmíràn. "Kò tíì." Ọ̀gá náà ń mí hẹ̀hẹ̀. Nígbà tí ẹ̀kẹrin parí, Sístà Bísí mú un, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sọ ọ́ sínú ọpọ́n omi. Ó ní, "Ó tó."

Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá Wẹ́fíà náà pàtẹ́wọ́ fún ara wọn.

Ìgbà náà ni wọ́n tó bi mí pé ta ni mí. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Sà, èmi ló yẹ kí n wà níbí láti aago mẹ́jọ. Mo jẹ̀bi. Ẹ má fi tèmi ṣe tiwọn, sà."

Wọ́n ní, "Dìde jàre. Mo wọlé, mo béèrè ọ̀gá. Ọkùnrin tó fi kọ́kọ́rọ́ sọ́rùn yẹn ní kí n fọwọ́. Mo ní mo wá láti ọ́fíìsì. Ó ní kí n fọwọ́. Mo ní Wẹ́fíà ni mí. Ó bu omi wá, ó ní, 'Fọwọ́.' Kí ni mo lè ṣe? Mo fọwọ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu awò ojú wọn. "Ọmọ mi, ká ní o ti wà níbí ni, ohun tí o bá fẹ́ kí n rí ni ǹ bá rí. Wàá ti tò wọ́n, wọn ì bá ti kọrin fún mi. Mo ti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí."

Wọ́n jókòó títí di aago méjì, wọ́n kọ nǹkan sínú ìwé, wọ́n wa mọ́tò wọn lọ. Wọn ò sọ fún mi bóyá ó dáa, wọn ò sọ fún mi bóyá kò dáa.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì kọjá. Mo jẹ́wọ́ fún Mọ̀ọ́mì Tíṣà, wọn ò tilẹ̀ bá mi jà. Ó dùn mí ju kí wọ́n nà mí lọ. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá láàárọ̀ kan láti gbàdúrà, ni mo bá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Láti kékeré ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run pé kó yí Bísí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, n ò rántí bẹ ẹ̀bẹ̀ yẹn. Ibi tí ó ń lọ láràárọ̀ ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má jẹ́ kó yí padà. Mo sunkún. Ẹ̀yin ará, ó dà bíi pé Ọlọ́run ti dáhùn àdúrà mi tipẹ́, èmi ni n ò wo ibi tí ó gbé ìdáhùn sí. Dókítà ò rí ẹni tó máa máa fi hàn án. Ọlọ́run rí i! Ẹ ṣé o, Baba!

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí, Bàbá Ìjọ ní kí gbogbo wa pé jọ sí gbọ̀ngàn. Wọ́n mú lẹ́tà jáde. Bùrọ̀dá Múrí ti bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ó nà án sí wọn. Ẹ̀yin ará, ẹni tí ayé ní kò mọ nǹkan, ó ti mọ ohun tí a wá ṣe!

Bàbá Ìjọ ní, "Dúró ná." Wọ́n kà á. Ọ̀gá Wẹ́fíà kọ ọ́ pé òun ti yẹ ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ wò, àti pé ibí yìí nìkan ni wọ́n ti kọ́ òun ní iṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè ẹni tí òun jẹ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn ò ní nǹkan tí wọ́n lè fún wọn báyìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni. Kí ìjọ má ṣe gba kọ́kọ́rọ́ náà. Nísàlẹ̀ ni wọ́n tún fi kún un pé kí wọ́n bá òun kí obìnrin tí kò gba ẹ̀gẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òun bó.

Bàbá Ìjọ ká lẹ́tà. Wọ́n gba okùn lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Múrí, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn padà pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn. Wọ́n ní, "Má bọ́ ọ mọ́, ọmọ mi."

Bùrọ̀dá Múrí lọgun, "Alihamudulilahi!"

Bàbá Ìjọ ní, "Àmín!"

A rẹ́rìn-ín, a sunkún, a jó! Màmá tó ní a ò kọ́ gbọ̀ngàn fún wèrè, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bùrọ̀dá Múrí lọ bá wọn, ó ní, "Fọwọ́." Wọ́n fọwọ́ o! Wọ́n jókòó, wọ́n bó ẹ̀gẹ́! Mo rí yín, mà, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Ọlọ́run bùkún fún yín.

Ìwọ tí o jókòó níbí, tí ìró kan ń wá láti inú yàrá rẹ, tí o ń sọ fún àlejò pé èkúté ni, mo mọ̀ ẹ́. A ti ṣe é rí. Má sunkún. Má rò pé Ọlọ́run gbàgbé ilé rẹ torí pé o ò tíì rí ìyanu irú èyí tí o béèrè. Lọ́la, ọjọ́ Mọ́ńdè, láago mẹ́jọ, mú ẹni náà wá sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. A ò ní bi ọ́ ní nǹkan kan. Omi wà níbẹ̀, àpótí wà níbẹ̀. Ó lè pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n. A ò lé e.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Mọ̀ọ́mì Tíṣà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà tí ẹ gbọ́ lẹ́tà tí ẹ sì gbà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n sì jókòó.

Láàárọ̀ Fúráídè, mo jí, Sístà Bísí ti wẹ̀, ó ti dúró lẹ́nu géètì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Sístà mi, ẹ káàárọ̀." Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú bí a ṣe ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ wá. A rìn dé ìdí igi máńgòrò, níbi tí èèyàn ti lè rí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn lókèèrè. Ó dúró. Ó wo ọwọ́ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ìka mi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní, "Ó tó."

Mo dúró. Ó ń lọ. Ó kọjá níbi ẹ̀rọ omi, àwọn tó ń pọnmi kí i, ó mi orí sí wọn. Kò yà síbì kankan. Bùrọ̀dá Múrí ṣílẹ̀kùn fún un, ó wọlé.

Ni mo bá yí padà, mo wọ mọ́tò Ìjagun, mo lọ forúkọ sílẹ̀.